Ìjánu Ọkọ̀ Ìṣeré Oníbátìrì

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ ìṣeré oníbátìrì tí a ń fi rédíò darí fún ọmọ, ẹ má béèrè eré rẹ̀ nìkan; ẹ béèrè bí ó ti ń dúró. Ti elépo a máa ní ìjánu onírin. Púpọ̀ nínú ti oníbátìrì kò ní in: mọ́tò tí ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni ìjánu. Bí a bá so wáyà mọ́tò pọ̀ lójú eré, èyí tí ń jẹ iná tẹ́lẹ̀ a di èyí tí ń pèsè iná, iṣẹ́ náà a wọ̀ ọ́ lọ́rùn, eré a sì já. Ṣùgbọ́n bí eré ti ń rọlẹ̀ ni ìjánu yìí ń rọ. Lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ lè rọra yọ́ lọ sí títì, kí ọmọ sì gbá tẹ̀lé e.