BP 180/120: ìgbà wo ló di pàjáwìrì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, tí àyà mi máa ń já: "BP mọ́mì ga, mo ti fi oògùn sábẹ́ ahọ́n wọn." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ná.

Bí ẹ̀rọ bá ka 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló ń ṣe mọ́mì. Bí ara wọn bá le, ẹ ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ tún wọn BP náà. Bó bá ṣì ga, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí dókítà lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn tí wọn ò lò mọ́ ló fà á.

Àmọ́ bí orí bá ń fọ́ wọn bí kò ṣe fọ́ wọn rí, tí àyà ń dùn wọ́n, tí wọn ò lè mí dáadáa, tí ojú wọn ń ṣú, tí ẹnu wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, tàbí tí gìrì mú wọn, pàjáwìrì nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ba ọpọlọ, ọkàn tàbí kíndìnrín jẹ́. Kì í ṣe pé ẹnì kan ta wọ́n lọ́fà o. Ní ti aláboyún, ẹ má dúró de 180 rárá. 160/110 ti tó láti gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Oògùn abẹ́ ahọ́n yẹn ńkọ́? Nifedipine ni wọ́n sábà máa ń lò. Láti 1996 làwọn oníṣègùn ti kọ ọ́ sínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n yéé lò ó bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ẹni tí BP rẹ̀ ti ga tipẹ́ ti mọ́ agbára ẹ̀jẹ̀ yẹn lára. Bó bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè má dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé nínú ọpọlọ mọ́, rọpárọsẹ̀ tá à ń sá fún la tún fọwọ́ ara wa fà. Dókítà gan-an kì í sọ 220 di 120 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń gba inú iṣan fún aláìsàn ní oògùn bíi labetalol, á sì máa ṣọ́ ọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í jẹ́ kó wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ ní wákàtí àkọ́kọ́.

Ogun Waterside lọ̀rọ̀ ti le jù. Láti Abigi tàbí Iwopin dé ọsibítù ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, ọ̀nà jìn. Torí náà, ẹ má fi àgbo fàkókò ṣòfò. Ọsibítù tó ní dókítà tó sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ. Mọ́tò ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe ọ̀kadà. Ẹni tí apá kan rẹ̀ rọ lè já bọ́ lọ́nà. Bí ẹnu bá ti wọ́, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan mu, omi lásán pàápàá, kó má lọ gba ọ̀nà èémí. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání, kẹ́ ẹ sì kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, torí dókítà máa bi yín.