Láti Ọ̀fà Dé Orí Òkè Kírìjì

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ibùdókọ̀ Ọ̀fà ti kún. Ọ̀yẹ́ mú. Àwọn akérò ń pe Ìkìrun, wọ́n ń pe Òṣogbo, èéfín ọkọ̀ ń bá òórùn àkàrà gbígbóná jìjàdù nímú wa, eruku pupa sì ti bo gíláàsì ọkọ̀ tí mo wọ̀. Mò ń lọ wo ibi tí àwọn ọmọ ogun pàgọ́ sí lórí òkè nígbà ogun Kírìjì tó wáyé láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà, nítorí ohun tó tú Ọ̀fà ká kò ṣẹ́yìn òkè yẹn.

A kọjá Òkukù, a kọjá Ìníṣà. A gorí afárá odò Ọ̀tìn. Omi rẹ̀ ti fà, àwọn ọmọkùnrin méjì sì ń fọ ọ̀kadà létí rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, omi kún bámú. Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àtàwọn tó bá Ìlọrin ró, àwọn tó ń sá sì já lu odò yìí. Ọ̀pọ̀ ló bómi lọ.

Ní Ìkìrun, mo bọ́ sórí ọ̀kadà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ́ńjìnnì ń ké, afẹ́fẹ́ tútù láti ojú àpáta ń fẹ́ sí mi láyà, títí a fi dé Ìgbájọ. Bàbá àgbẹ̀ kan mú àdá, ó ṣáájú mi wọ igbó. Koríko ga jù mí lọ. Ó ń ya mí lápá, òógùn ń ta mí lójú, àpáta tí oòrùn ti yan sì ń jó mi lẹ́sẹ̀ la bàtà kọjá. Bàbá dúró, ó na àdá sí apá ibi tí Ìmẹ̀sí-Ilé wà. Àfonífojì ló wà láàárín àwa àti ibẹ̀, òkè lé òkè lẹ́yìn rẹ̀.

 Ewé àti igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ àgọ́ Ìbàdàn lórí òkè yìí. Nígbà tí òjò ọdún kan tẹ̀lé ti èkejì, wọ́n mọ ilé amọ̀. Àwọn ìyàwó dé, àwọn oníṣòwò dé, alágbẹ̀dẹ gbé ẹwìrì kalẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ààrẹ Látòósà tó kó Ìbàdàn wá kò padà sílé: inú àgọ́ ló kú sí ní 1885.

Lódìkejì, ní apá Ìmẹ̀sí-Ilé, ni Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà àti Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí wà pẹ̀lú Èkìtìparapọ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń bá Ìbàdàn jà. Àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó fi ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí wọn. Ṣakabùlà Ìbàdàn, láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: ẹni tó bá ń da ẹ̀tù sí i ní láti dúró, ọta sì ti dé kó tó kì í tán.

Mo jókòó lórí òkúta kan, mo mumi. Ọ̀rọ̀ Ọ̀fà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀fà ti gbè lẹ́yìn Ìbàdàn, Ìlọrin sì dó tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbàdàn kó ọmọ ogun lọ ràn án lọ́wọ́, bí ojú ogun mìíràn ṣe kún ti Kírìjì fún wọn nìyẹn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà Kírìjì. Àlàáfíà náà kò kan Ọ̀fà. Ìlọrin ò kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìwé náà ni Ọ̀fà bọ́ sọ́wọ́ Balógun Karara. Wọ́n pa àwọn ìjòyè ìlú, àwọn tó kù fọ́n ká, ìlú di ahoro.

Oṣù kẹta 1893 ni Gómìnà Carter wá láti Èkó, tí Ìbàdàn àti Ìlọrin tó ṣì dojú kọra wọn tó tú àgọ́. Àwọn ológun kó ẹrù wọn, wọ́n gba ilé lọ. Ará Ọ̀fà ṣì ní ìlú láti tún kọ́.