Ohun Tí Ń Bẹ Nínú Omi Adágún

Obìnrin tí ó sọ̀ garawa omi kalẹ̀ ní agbo ilé rẹ̀ ní Bẹẹrẹ a máa wò ó bóyá ó mọ́. Ó ṣe rere. Ṣùgbọ́n omi adágún tí kò ju ìdá kan nínú márùn-ún ṣíbí tíì lọ a máa ní kòkòrò àìfojúrí tó mílíọ̀nù kan nínú. Wọ́n ń jẹ, a sì ń jẹ wọ́n.

Ní ọdún 1942 ni a sé Odò Ọnà mọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé kí ìlú Ìbàdàn lè ní omi ẹ̀rọ. Omi tí a sé mọ́ kì í ṣe bí èyí tí ń ṣàn: púpọ̀ nínú ohun tí àgbàrá bá gbé wá, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ìgbẹ́ ẹran, ìgbọ̀nsẹ̀ ènìyàn, omi ọṣẹ àti ajílẹ̀ oko ni ó ń kó fọ́sífọ́rọ́sì àti náítírójínì wọ inú adágún, èyí tí í ṣe oúnjẹ fún àwọn ohun wínníwínní aláwọ̀ ewé inú omi.

Ní ọdún 1973, ọ̀gbẹ́ni David Schindler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta aṣọ ìkélé la adágún kan já ní ilẹ̀ Kánádà. Wọ́n da náítírójínì àti kábọ́ọ̀nù sí apá kìíní. Wọ́n da ohun kan náà sí apá kejì, wọ́n sì fi fọ́sífọ́rọ́sì kún un. Apá kejì yìí ni ó dà bí ọbẹ̀ ewédú.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kọ́. Àwọn kòkòrò omi bíńtín kan wà, irú èyí tí a ń pè ní Daphnia, tí ń sẹ́ omi bí ìyá ọlọ́gì ti ń sẹ́ ògì, tí wọ́n sì ń jẹ ohun tí wọ́n bá sẹ́ kù. Ẹja kéékèèké sì ń jẹ àwọn náà. Bí irú ẹja bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ jù, àwọn tí ń sẹ́ omi a dínkù, adágún a sì túbọ̀ ní àwọ̀ ewé. Ní ilẹ̀ ooru bí tiwa, tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò ni ẹja ń jẹ wọ́n, nítorí náà àwọn tí ó tóbi nínú wọn kò wọ́pọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ ewé náà gbọ́n ju àwọn tí ń jẹ ẹ́ lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Microcystis. A máa so pọ̀ di ìṣù tí ń yọ̀ bí ilá, ẹnu Daphnia kò sì gbà á. Òmíràn nínú rẹ̀ a sì máa ní oró. Ní ìlú Caruaru ní ilẹ̀ Bràsíl, ní ọdún 1996, irú oró bẹ́ẹ̀ wà nínú omi tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kíndìnrín. Àwọn tí ó kú ju àádọ́ta lọ.

Ẹ̀yin ìyá, omi sísè a máa pa kòkòrò àìsàn, ẹ má ṣe dẹ́kun rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná kì í ran oró yìí. Bí ẹ bá rí adágún tí ohun aláwọ̀ ewé bò lójú bí ọ̀dà tí ó dànù, ẹ má ṣe pọn ún, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tàbí ewúrẹ́ mu níbẹ̀.