Egbé, Kánàkò àti Òfẹ̀: Ìperí fún Ìṣípòpadà Ojú-ẹsẹ̀ nínú Eré Dungeons & Dragons

Ìfáárà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí wúlò fún ẹni tí ń ṣẹ̀dá ìperí, nítorí pé ìperí tí kò bá ìṣe ohun tí ó dúró fún mu yóò ṣi olùkà lọ́nà. Àpẹẹrẹ kan tí ó gba àròjinlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, teleportation, tí Charles Fort, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, lò nínú ìwé rẹ̀, Lo!, ní ọdún 1931. Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni pé kí ènìyàn tàbí nǹkan kúrò ní ibì kan, kí ó sì dé ibòmíràn lójú ẹsẹ̀, láìla àárín ibi méjèèjì kọjá.

Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí Gary Gygax àti Dave Arneson ṣe, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, fi ọfọ̀ irú èyí kún àwọn idán rẹ̀. Nínú eré náà, adarí eré ni ó ń ṣàpèjúwe ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Òṣèré kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ fẹ́ ṣe. Dáìsì sì ń pinnu ohun tí kò dájú. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó gbé eré náà ró, ìperí tí kò ṣe gúnmọ́ kì í pẹ́ di àríyànjiyàn.

Ohun tí òfin eré béèrè

Ọfọ̀ mẹ́ta nínú ìwé òfin ti ọdún 2014 tó láti fi ọ̀rọ̀ náà hàn. Misty Step, ọfọ̀ ìpele kejì, ń gbé ẹni tí ó pè é dé ibi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, bí ojú rẹ̀ bá tó ibẹ̀, tí ibẹ̀ sì ṣófo. Dimension Door, ti ìpele kẹrin, dé ẹsẹ̀ bàtà 500, kò sì pọn dandan kí ènìyàn rí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti gba àyè ibẹ̀, ọfọ̀ náà yóò já sí asán, yóò sì pa olúpè lára. Teleport, ti ìpele keje, lè gbé olóògùn pẹ̀lú ẹni mẹ́jọ tí ó gbà láti bá a lọ, bí ó ti wù kí ibẹ̀ jìnnà tó nínú ayé kan náà.

Ohun kan ni ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ara kò la àárín kọjá. Ọ̀gbun kò dí i lọ́wọ́. Ọ̀tá tí ó wà nítòsí kò sì rí àyè ṣá a bí ó ti ń kúrò.

Ìdánwò ọ̀rọ̀ mẹ́rin

Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún irú oògùn báyìí. Òfẹ̀ ń mú ènìyàn fò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fò la òfurufú kọjá, ògiri sì lè dá a dúró. Ọfọ̀ Fly ni ó bá mu. Ẹni tí ó lo àféẹ̀rí ṣì lè wà ní ojú kan. Ojú ni kò rí i. Invisibility ni ìyẹn.

Kánàkò ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn atúmọ̀. Ṣùgbọ́n ká àti ọ̀nà hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ náà: ọ̀nà ni oògùn yìí ń ká, arìnrìn-àjò ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Bí atúmọ̀ bá pe Teleport ní kánàkò, òṣèré lè béèrè ẹni tí òun pàdé lójú ọ̀nà, kò sì jẹ̀bi. Longstrider, tí ń fi ẹsẹ̀ bàtà 10 kún ìrìn ẹni fún wákàtí kan, ni kánàkò yẹ.

Ó wá ku egbé. Nínú ìtàn ogun àti ti ọdẹ, egbé ni ó ń gbé akọni kúrò láàárín ewu lọ sí ibi ààbò. Gbé ni ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n gbé kò sì rìn. Ìyàtọ̀ kan ni pé egbé ìbílẹ̀ sábà jẹ́ ti àsálà, nígbà tí Teleport lè gbé ènìyàn lọ bá ewu. Fífẹ ìtumọ̀ lójú yanjú èyí. Nípa bẹ́ẹ̀, egbé kúkúrú, egbé agbedeméjì àti egbé jíjìn yóò dúró fún ọfọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmì ohùn kò gbọdọ̀ sọnù, kí egbé má baà di ègbé lójú olùkà.

Orúkọ fún ewu

Nínú ìwé òfin tí ó jáde ní ọdún 1978, ẹni tí Teleport bá sọ̀ sí abẹ́ ilẹ̀ kú nìyẹn. Ti ọdún 2014 rọjú díẹ̀: adarí eré yóò da dáìsì láti mú nọ́ńbà kan láti 1 dé 100. Àbájáde mẹ́rin ni ó wà: ìgúnlẹ̀, àṣìgúnlẹ̀, ibi-àfijọ àti ìjàǹbá. Fún ibi tí olóògùn mọ̀ dunjú, ìgúnlẹ̀ gba 76 nínú 100, ìjàǹbá sì gba 5. Fún ibi tí ó kàn gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ìgúnlẹ̀ já sí 27, ìjàǹbá sì di 43. Ní ti àṣìgúnlẹ̀, wọn a da dáìsì olójú mẹ́wàá méjì, wọn a sọ iye méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, èyí a sì jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn náà. Bí 4 àti 5 bá jáde lórí ìrìn máìlì 200, máìlì 40 ni ó fi ṣìnà. Olùkọ́ ìṣirò lè fi èyí kọ́ni ní ìṣeéṣe.

Inú òfin yìí ni adarí eré ti ń rí ìjánu. Egbé jíjìn lè sọ odi, ẹnubodè àti ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá di asán. Kò yẹ kí adarí kàn fòfin dè é. Kí ó jẹ́ kí ìmọ̀ ibi àbọ̀ níye lórí, kí àwọn òṣèré máa wá amí tàbí nǹkan tí wọ́n mú wá láti ibẹ̀. Ọ̀tá ọlọ́gbọ́n náà lè lo Forbiddance, tí kì í jẹ́ kí egbé wọ ibi tí ó bò fún odindi ọjọ́ kan.

Ààlà ìperí náà

Egbé kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé físíìsì. Ní ọdún 1993, Charles Bennett àti onímọ̀ márùn-ún mìíràn gbé àbá teleportation ti kúáńtọ̀mù kalẹ̀. Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ Anton Zeilinger fi ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ dán an wò ní Innsbruck, ní ilẹ̀ Ọ́sítríà. Kò sí ara kankan tí wọ́n gbé níbẹ̀. Ipò ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ni ó hàn lára òmíràn, kò sì lè parí láìjẹ́ pé iṣẹ́ kan gba ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ dé ọ̀dọ̀ olùgbà. Àtagbà ipò ni ó bá èyí mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ egbé níbẹ̀ yóò rò pé sáyẹ́ǹsì ti ń gbé ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó bo ohun méjèèjì. Kò pọn dandan kí Yorùbá jogún ìdàrúdàpọ̀ náà.