Ohun tí Ahọ́n Ajá ń Wí

Ní Àpápá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù, ajá a máa bá ọdẹ ṣọ́ ilé ẹrù lóru. Ní Ajégúnlẹ̀ tí ó múlé gbè é, àgbàlá kan náà ni ajá àti ọmọdé jọ ń ṣeré. Níhà méjèèjì, ẹnu ajá kò jìnnà sí ọwọ́ ènìyàn.

Ajá kì í làágùn bí ọmọ ènìyàn. Ahọ́n ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára: yóò yọ ọ́ síta, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ahọ́n ajá tí a so sí oòrùn bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí a tètè gbé e sí abẹ́ ibòji, kí a da omi tútù sí i lára.

Ahọ́n ajá tí ara rẹ̀ le a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. (Ti ajá Chow Chow ilẹ̀ Ṣáínà dúdú bí aró, bí a ti dá a nìyẹn.) Bí ahọ́n bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ajá náà lè ti dín; kí a wá eégbọn nínú etí àti láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá pọ́n bí ìyeyè, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é. Ìtọ̀ eku wà lára ohun tí í fa irú rẹ̀, eku kò sì wọ́n ní èbúté; àrùn náà a máa ran ènìyàn pẹ̀lú.

Ahọ́n kan wà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí àgbọ̀n ajá bá já sílẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ rọ̀ dirodiro, tí itọ́ ń ṣàn, tí kò lè gbé nǹkan mì, àwọn ènìyàn a rò pé eegun ni ó há a lọ́fun. Ẹni tí àánú ṣe a sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Dìgbòlugi lè ni! Èyí tí ń sáré bu ènìyàn jẹ ni gbogbo ayé mọ̀. Èyí tí ó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ kò bu ẹnikẹ́ni jẹ, síbẹ̀ itọ́ rẹ̀ lójú ọgbẹ́ tó láti pani. Kí ẹni tí ó kàn fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnì kan fi í yè é. Bí ajá náà bá kú, kí wọ́n má ṣe jù ú sí ọ̀sà, kí wọ́n má sì kùn ún fún ọbẹ̀. Kí wọ́n ké sí dókítà ẹranko, nítorí inú ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá àrùn náà.