Kí ló dé tí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń wá lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ fi yàtọ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́kùnrin?

Ọkùnrin àti obìnrin lè jáde nínú kíláàsì kan náà ní fásitì, kí ìwé ẹ̀rí wọn sì dọ́gba. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́, ohun tí wọ́n ń wò lára agbanisíṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn nínú owó oṣù wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ni ìwádìí fi hàn?

Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Matthew Wiswall àti Basit Zafar, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ New York University ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé oríṣiríṣi iṣẹ́ kalẹ̀ níwájú wọn. Owó iṣẹ́ kan ju ti òmíràn lọ, wákàtí wọn kò dọ́gba, ewu pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà sì yàtọ̀ síra.

Àwọn obìnrin ṣe tán láti yááfì nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 owó iṣẹ́ wọn, kí wọ́n ṣáà lè ní àǹfààní láti dín wákàtí iṣẹ́ kù. Ti àwọn ọkùnrin kò ju nǹkan bí ìdá 1 lọ. Iṣẹ́ tí kò ní tètè bọ́ tún jẹ àwọn obìnrin lógún ju àwọn ọkùnrin lọ. Ní ti àwọn ọkùnrin, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ yóò máa yára gòkè ni ọkàn wọn fà sí jù.

Àwọn olùwádìí náà ní ìyàtọ̀ yìí ló fa ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin àlàfo tó wà láàrin owó iṣẹ́ ọkùnrin àti ti obìnrin nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ṣé àwọn obìnrin kò fẹ́ owó ni?

Rárá o. Claudia Goldin, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní 2023, ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ọmọ àkọ́bí ni àlàfo owó náà máa ń fẹ̀ jù. Iṣẹ́ tó ń mówó ńlá wọlé sábà máa ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n lè pè nígbàkúùgbà. Bí ọmọ bá sì wà nílé, ẹnìkan nínú tọkọtaya gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Ìyá ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó mọ̀ pé òun ni ẹrù ilé yóò já lé léjìká ń fi iṣẹ́ wéra pẹ̀lú ọjọ́ iwájú yẹn lọ́kàn.

Kí ni òfin sọ?

Ní Nàìjíríà, òfin iṣẹ́ fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, owó tí wọn yóò san fún un lásìkò náà kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó kíkún. Láti ọdún 2022 ni bàbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ náà ti ní ọjọ́ iṣẹ́ 14. Òfin iṣẹ́ náà kò dárúkọ ìsinmi kankan fún bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aládàáni.

Gánà fún ìyá ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 12 pẹ̀lú owó kíkún. Ọ̀sẹ̀ 14 ni ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí agbanisíṣẹ́ àti àpò owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ ti jọ ń san owó náà. Ní Nàìjíríà, agbanisíṣẹ́ nìkan ló ń dá a san. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń bi ọ̀dọ́bìnrin níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bóyá ó ti lọ́kọ, tí wọn kì í sì í bi ọkùnrin.

Kí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè kó tó tọwọ́ bọ̀wé?

• Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ìsinmi ìbímọ, ṣé owó kíkún ni wọ́n sì ń san?
• Ṣé bàbá náà ní ìsinmi?
• Aago mélòó ni iṣẹ́ ń parí, ṣé ènìyàn sì lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ilé?
• Báwo ni wọ́n ṣe ń fi owó kún owó oṣù, ta ni wọ́n sì ń gbé ga?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kò gbọdọ̀ fò dá, torí ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò sì yẹ kó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé obìnrin nìkan ló ń bèèrè nípa ọmọ, obìnrin nìkan ni agbanisíṣẹ́ yóò máa kà sí ẹni tí ọmọ lè gbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.