Yàrá Ìkọ̀wé Ayé Ọbabìnrin Victoria

Pálọ̀ àwọn bàbá àgbà wa ní Abẹ́òkúta àti Èkó kò ṣàjèjì sí wa: fọ́tò àwọn àgbà lókè ògiri, tí wọ́n dojú díẹ̀ kọ ilẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò, aago ńlá tó ń lù, àga tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ aṣọ òwú funfun lé lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú àṣà yìí, ọwọ́ àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, àti àwọn míṣọ́nnárì ló ti bọ́ sí wa lọ́wọ́, láyé Ọbabìnrin Victoria tó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1837 di 1901. Yàrá tí a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nínú ilé Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ni èyí tí baálé ilé máa ń wọ̀, tí yóò ti ilẹ̀kùn, tí yóò jókòó kọ̀wé.

Ọmọ Yorùbá kan ti dé nídìí tábìlì inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1851, wọ́n mú Àjàyí Crowther lọ sí ààfin Windsor, níbi tó ti bá Prince Albert, ọkọ Ọbabìnrin, nídìí tábìlì ìkọ̀wé tí fìtílà ń tàn lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta àti Èkó ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n ṣe na máàpù gbàràgà báyìí, fìtílà kú, ni ẹ̀rín bá ta. Obìnrin kan ti wọlé bá wọn kó tó di ìgbà yẹn, Crowther kò sì tètè mọ̀ pé Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ní Peckham àti Camberwell ní London ló ń gbé nínú ilé tí wọ́n kọ́ láyé Victoria gan-an, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kékeré tó wà lókè. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú yàrá bẹ́ẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bí tìgbà náà, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Èédú ni wọ́n fi ń yáná, fìtílà àti gáàsì ni wọ́n fi ń ríran, èéfín kò sì jẹ́ kí ògiri funfun pẹ́ kó tó dọ̀tí. Wọ́n wá fẹ́ràn àwọ̀ ewé tó ki àti pupa tó dúdú díẹ̀. Àga máa ń ha ìsàlẹ̀ ògiri, nítorí náà pákó tàbí bébà líle oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n fi ń bo ibẹ̀. Lincrusta, tí Frederick Walton ṣe jáde ní 1877, wà lára rẹ̀. Lókè, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ògiri po. Orí igi yìí ni wọ́n ń fi ìkọ́ há, tí okùn yóò gbé fọ́tò sọ̀ kalẹ̀, láìkan ìṣó kankan mọ́ ògiri. Fọ́tò ìyá yín ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé síbẹ̀.

Ní ti bébà ògiri, ẹ wá ti William Morris, oníṣẹ́ ọnà Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, olódòdó àti eléwé, kò sí èyí tó wù mí tó o. Àwọ̀ ewé inú bébà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ásẹ́níìkì, májèlé ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà lóde òní kò ní in. Ọ̀dà àtijọ́ ara ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló yẹ ká ṣọ́ra fún: òjé lè wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi sáńdípépà ha á ní gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Àbẹ́là kò gbọdọ̀ wọ́n nínú yàrá náà, ìtàn tiwa sì wà nínú rẹ̀. Epo pupa etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ohun tí iléeṣẹ́ Price's fi ń ṣe àbẹ́là ní London nígbà náà. Epo tí àwọn ìyá wa fún lóko tàn lórí tábìlì àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé lóru.

Àwọn ará ìgbà náà fẹ́ràn kí ọ̀ṣọ́ kún yàrá fọ́fọ́. Èmi kò fara mọ́ ọn fún ibi iṣẹ́. Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kó lọ sí Down House ní Kent ní 1842, fi táyà kéékèèké sẹ́sẹ̀ àga rẹ̀, ó gbé pákó dábùú apá àga náà, orí pákó yẹn ló sì ti ń kọ ìwé rẹ̀ lórí bí ẹ̀dá alààyè ṣe ń yí padà, tó jáde ní 1859. Àga tó gba ẹ̀yìn dáadáa ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kí ẹ gbé e sítòsí fèrèsé. Bébà Morris lè dúró títí owó oṣù mìíràn yóò fi wọlé.